Fusayo Kò Wúwo Tó

Òkè kan wà láàárín abúlé Nukazawa àti ilé tí wọ́n ti ń sun òkú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ilé iná. Jizō mẹ́fà ló wà létí òkè náà, òrìṣà òkúta kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ bí ọmọdé, aṣọ pupa lọ́rùn wọn. Èkíní wà nísàlẹ̀, ìkẹfà wà lókè pátápátá. Bí ọkọ̀ òkú bá ti kọjá èkíní, kò gbọdọ̀ dúró mọ́ títí yóò fi kọjá ìkẹfà. Bó bá dúró, ẹni tó wà nínú pósí ló wẹ̀yìn. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Nukazawa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Togashi Eikichi ló ń wa ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò dúró rí.

Ọkọ̀ dúdú, gígùn, tó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gé ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n sì fà á gùn kí pósí lè wọlé. Àga aláwọ. Pákó dídán níwájú awakọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí etí kì í gbọ́. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń lọ bí ẹni ń da epo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í. Táyà iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ tẹ̀yìn. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì sì wà, ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo wà, ẹ̀yìn fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. Ní oṣù Kínní, tí yìnyín bá ti ga ju orí ọmọdé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọkọ̀ olówó ńlá yìí á máa yí táyà lójú kan, ọkọ̀ oko kékeré funfun táwọn àgbẹ̀ fi ń kó àlùbọ́sà á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò rí i.

Òkú ló ń gbà á sílẹ̀. Eikichi mọ èyí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀. Pósí á wọlé sẹ́yìn, á jókòó lé táyà méjèèjì tó ń ti ọkọ̀, táyà á sì di ilẹ̀ mú. Òkú ọkùnrin tó sanra, òkè á rọrùn. Òkú arúgbó tó ti gbẹ, Eikichi á ti ìsàlẹ̀ sáré wá, á fi í sí gíà kejì, kò ní fẹsẹ̀ kan bíréèkì, kò sì ní tẹná jù. Bí wọ́n bá sọ pósí kalẹ̀ tán tó ń darí bọ̀, àpò iyanrìn ló máa ń kó sẹ́yìn dípò rẹ̀.

"Tí mo bá wọlé lọ kí àwọn olókùú," ó sọ fún Fusayo ìyàwó rẹ̀ nígbà kan, "mo máa ń wo òkú níbi tó sùn sí, màá máa fojú wọ̀n ọ́n. Ṣé ìwà tó dáa nìyẹn?"

"Ẹni tó ń ta ẹja náà ń fojú wọn ẹja," Fusayo dáhùn. "Ẹ jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ìdílé Hariu ní ìsàlẹ̀ odò, tó fẹ́ ọmọkùnrin kejì tí kò jogún ilẹ̀, tó sì fi ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ilé ọkọ dá oko ìrẹsì kékeré kan ṣe nígbà tí Eikichi wà ní Tokyo, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iyẹ̀pẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Nígbà tí Onodera àgbà, tó ni iléeṣẹ́ ìsìnkú, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wa ọkọ̀ òkú, gbogbo ẹbí Eikichi ló sọ pé kó má gbà. Fusayo ló ní kó gbà. "Ẹ máa sùn nílé," ó ní.

Òfin kan ni Eikichi fún ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹrù kì í bá òkú wọ ọkọ̀.

Ó ti rú u rí. Òkú ọmọdébìnrin kan ni, nínú yìnyín tó burú, pósí tí ènìyàn kan lè dá gbé. Ó to àpò iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bo gbogbo rẹ̀. Àpò kan ya lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ nílé iná, iyanrìn ti dà sórí pósí. Ìyá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kúrò. Díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni ń gbá èérún oúnjẹ kúrò lára aṣọ ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Eikichi kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó. Láti ọjọ́ náà, òkú fúyẹ́ o, òkú wúwo o, òun nìkan ló ń wọ ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mú iyanrìn dábàá, Eikichi á ní òun kì í ṣe awakọ̀ oko.

*

Ọdún tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Fusayo ni ìjọba fòfin de táyà oníṣó. Láti ìgbà táwọn ọkọ̀ ti pọ̀ lágbègbè yẹn, táyà tí wọ́n kan ìṣó irin kéékèèké mọ́ lójú ni gbogbo ènìyàn ń lò lórí yìnyín. Ó ń di ilẹ̀ mú bí ológbò. Ṣùgbọ́n ó ń họ ọ̀dà títì, eruku ọ̀dà náà sì ń wọ àwọn ènìyàn lọ́fun, ni ìjọba bá ní ó tó. Rọ́bà lásán ló kù. Ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti lọ mú táyà tuntun tó máa fọkàn tán.

Hariu Tokuji ló ń ta táyà lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin. Àbúrò Fusayo ni, ọkùnrin abẹnu-mímú tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Nígbà tí Eikichi dé ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó ti gbé táyà méjì jáde dè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ èyí wò."

Eikichi tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bíi mochi, ìrẹsì gígún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó. Wọ́n ti la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́.

"Gbogbo ibi tí wọ́n là yẹn ló máa di omi dídì mú. Kò dà bí ìṣó, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì bíi tiyín, èyí ló tọ́ sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ṣé ó ń kùn?"

"Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń kùn. Bí oyin nínú agolo."

"Èkejì yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í kùn. Rọ́bà rẹ̀ le. Àwọn dókítà ìgboro ló ń rà á, àwọn tí yìnyín wọn kì í bo bàtà. Mo kàn gbé e jáde kí ẹ lè mọ ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ rà ni."

Eikichi wo èkejì náà pẹ́.

"Iwájú ilé iná gbẹ," ó ní. "Omi gbígbóná inú ilẹ̀ ni wọ́n ń tú síbẹ̀, yìnyín kì í dúró. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé mi. Ẹkún ni wọ́n ń sun, Tokuji. Kí ọkọ̀ mi wá máa kùn níwájú wọn?"

"Títí di èṣí, ìṣó lẹ fi ń wọ ibẹ̀. Ṣé orin aládùn ló ń kọ ni?"

"Ó ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Mo ti fara dà á tó. Ìjọba ti gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

"Òkú kì í gbọ́ràn, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe òkú ni mò ń rò."

Tokuji bú sẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹni tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yan táyà yìnyín. Tí mo bá sọ ọ́ fún ẹlòmíì, wọ́n á ní mo mutí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ mú èyí tó ń kùn."

Eikichi mú èyí tí kì í kùn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó wa ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ afárá, kò gbọ́ nǹkan kan àfi aago ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Yóò rántí pé inú rẹ̀ dùn.

*

Ilé ìwòsàn dá Fusayo padà sílé nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó kù láti ṣe. Jẹjẹrẹ ti gba inú rẹ̀ tán, ohun tó bá gbé mì kì í dúró. Òun àti Eikichi ti gbin ìrẹsì ní oṣù Karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n kórè rẹ̀ tí wọ́n sì dì í sínú àpò, kò lè jẹ ju omi rẹ̀ lọ. Àwọn àpò náà wà nínú àká lẹ́yìn ilé, odidi, wọn ò tíì tú u.

Eikichi tẹ́ ibùsùn fún Fusayo sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí Jizō èkíní, tí yìnyín ti dé e ní fìlà.

"Bàbá Chizuru," Fusayo pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Chizuru ni ọmọ wọn, tó ń se oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Sendai. "Òkè yẹn."

"Òkè wo?"

"Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbé mi gùn ún?"

"Ta ni ì bá tún gbé ọ?"

"Ẹ má jẹ́ n dúró níbẹ̀ o." Ó mí díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìyá yín sọ ọ́ títí tó fi kú, pé obìnrin tí kò lè fi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀ ni mí. Ẹ rántí ìgbà tá a lọ wẹ omi gbígbóná lórí òkè Hijiori? Mo ní ká padà sílé lọ́jọ́ kejì, torí pé mi ò rántí bóyá mo pa iná. Gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ. Tí mo bá lọ dúró láàárín àwọn Jizō, àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ yìí á ní, ẹ ò rí i, Fusayo ti wẹ̀yìn, ó ń wá ọkọ rẹ̀. Wọ́n á wá máa wò yín bí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹni tó bá sì ṣàdédé kú lẹ́yìn mi, ọrùn mi ni wọ́n máa gbé e kọ́."

"Mi ò dúró níbẹ̀ rí."

"Ẹ ò gbé ẹni tó fúyẹ́ bíi tèmi rí." Ó gbé apá sókè. Ọwọ́ aṣọ rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò rí nǹkan kan dá a dúró. "Ẹ wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fojú wọn èèyàn. Ẹ wọ̀n mí."

Eikichi wo fèrèsé.

"Ẹ kó ìrẹsì tì mí," Fusayo ní. "Tuntun tó wà nínú àká. Mo gbìn ín, mi ò jẹ ẹ́. Ó lè sìn mí dé òkè."

"Ẹrù kì í bá òkú wọ ọkọ̀ mi."

"Mo mọ̀. Iyanrìn ọmọ yẹn. Èyí kì í ṣe iyanrìn."

"Rárá, Fusayo."

"Olórí kunkun."

"Mi ò ní dúró. Mo ṣèlérí fún ọ."

"Ó ṣèlérí," Fusayo sọ fún àjà ilé, bí ẹni ń fẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn náà ó ní kó fún òun lómi.

*

Fusayo kú nínú oṣù Kínní, ní ọ̀sẹ̀ tí yìnyín kò sinmi. Ní agbègbè yẹn, wọ́n máa ń sun òkú ná kí àlùfáà tó wá ka àdúrà lórí eegun. Nítorí náà, láti iwájú ilé wọn gan-an ni ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, níṣojú gbogbo àdúgbò, ní òwúrọ̀ tí oòrùn yọ díẹ̀ tó sì tún wọlé.

Onodera ọ̀dọ́, tó gba iléeṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ti dé ṣáájú. Ó tẹrí ba títí.

"Togashi-san, ẹ jọ̀ọ́. Olórí ọ̀fọ̀ kì í wakọ̀. Mo ti bá àwọn ará ìgboro sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kan tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì. Ó máa tó dé."

"Dá a padà."

"Kí n wá so ṣéènì mọ́ táyà, ó kéré tán."

"Kó máa ró wanran-wanran gòkè? Ìyàwó mi kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

Onodera wo Tokuji. Tokuji ti gbé ọkọ̀ oko rẹ̀ kékeré wá, ó wọ kóòtù dúdú lé bàtà rọ́bà. Ó sún mọ́ Eikichi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó sọ fún mi. Nípa ìrẹsì."

"Ó sọ fún èmi náà."

"Kò tíì pẹ́ jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Fi mí sílẹ̀, Tokuji."

Tokuji fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé Fusayo wọ ọkọ̀. Eikichi rí bí wọ́n ṣe gbé e. Wọ́n ti múra agbára sílẹ̀, pósí sì fò sókè ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rẹlẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rí ìyẹn náà.

Chizuru jókòó síwájú, àwòrán ìyá rẹ̀ lórí itan. Eikichi tẹ fèrè ọkọ̀, ó gùn, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó dúró tẹrí ba. Ọkọ̀ náà gbéra láìdún.

Ó sáré gba Jizō èkíní kọjá. Ó dáa. Ìkejì. Gíà kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí iná. Ìkẹta, níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ìdí ọkọ̀ yọ̀ díẹ̀, ó dá a padà. Oòrùn àárọ̀ yẹn ti yọ́ ojú yìnyín, òtútù sì ti tún un dì, ó ń dán bí àwo. Ìkẹrin.

Táyà oníṣó máa ń sọ fún un. Èyí ni ohun tó yé e nígbà náà, tó ti pẹ́ jù. Láti ọdún pípẹ́ wá, kí ìdí ọkọ̀ tó yọ̀, ìró ìṣó á ti yí padà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti gbọ́ kí orí tó gbọ́. Táyà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò sọ nǹkan kan. Láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ó kàn rí i pé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò kọjá mọ́. Táyà ń yí. Ọkọ̀ kò lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó rà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà.

Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ yí ìdí, ó dábùú ọ̀nà, ó dúró.

"Bàbá," Chizuru ní.

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀? Ìyá sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún yín. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa."

Nínú dígí, Eikichi rí àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀lé e tí wọ́n dúró lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀kùn wọn ń ṣí, àwọn aṣọ dúdú ń sọ̀ kalẹ̀ sínú funfun. Ìyá Kurihara, aládùúgbò wọn, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó wo òkè. Kò pariwo. Ṣùgbọ́n òkè náà dákẹ́, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ.

"Ó dúró."

Àwọn ọkùnrin wá ti ọkọ̀. Bàtà aláwọ ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n wọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ṣubú, ó di ẹni kejì mú, àwọn méjèèjì jọ lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Onodera ń wo aago, nítorí ilé iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tokuji rìn gòkè nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó dúró létí fèrèsé Eikichi. Ó lè sọ̀rọ̀ táyà. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Kò sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kó yọ̀ padà sísàlẹ̀, ká tún un sá," ó ní. "Tàbí ká gbé e sínú ọkọ̀ tèmi."

"Kò ní padà sẹ́yìn. Kò sì ní wọ ọkọ̀ àlùbọ́sà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ rántí. Ó wọ̀ ọ́ rí. Ó máa ń jókòó lórí àlùbọ́sà náà, ó máa ń kọrin."

Eikichi di sítíárìn mú. Ìlérí ti já, kò sí bí wọ́n ṣe lè so ó mọ́. Ohun tó kù ni pé kó má lọ sẹ́yìn.

"Kọ́kọ́rọ́ àká wà lókè ilẹ̀kùn," ó ní. "Lọ kó ìrẹsì wá."

Tokuji lọ. Ẹnì kan wá fi òkúta ti táyà, Eikichi sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúró. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí kóòtù gbogbo wọn, sórí orí Jizō, sórí ọkọ̀ dúdú títí tí kò fi dúdú mọ́. Chizuru fi ọwọ́ bo àwòrán ìyá rẹ̀ kí ó má baà tutù.

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré náà padà dé, ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ gòkè wá, bí ó ṣe máa ń ṣe. Eikichi ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú. Lórí òkè, níṣojú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó gba àpò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ Tokuji, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó gbé e wọlé. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ojú rírán, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ pósí. Chizuru wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán fún Onodera, ó wọ inú ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ó sì ń bá a fa àpò náà mọ́ra.

"Ìyá ló rán wọn," ó ní. "Mo mọ ọwọ́ rírán rẹ̀. Kò ní tú."

"Mo mọ̀," Eikichi ní, ó sì ń tọ ojú rírán tó kàn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹlẹ̀. Ó padà sídìí sítíárìn. Gíà kejì. Wọ́n yọ òkúta. Táyà yí lẹ́ẹ̀kan lófo, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ó di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ náà sì ń gùn bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà.

Iwájú ilé iná gbẹ, omi gbígbóná ń rú níbẹ̀. Ọkọ̀ dúdú wọlé láìdún, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ kó rí. Nítorí náà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó gbọ́ ẹkún Chizuru láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

*

Ìyá Kurihara kú kí yìnyín tó yọ́. Òtútù wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró, ó sì ti darúgbó. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò kàn ń wo Eikichi, lẹ́yìn náà wọ́n á wo ibòmíràn.

Onodera wá bá a níbi tó ti ń nu ọkọ̀.

"Togashi-san, ìdílé Kurihara..." Ó wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n béèrè ọkọ̀ ìgboro."

"Ọkọ̀ ni wọ́n kò fẹ́, tàbí awakọ̀?"

"Wọn ò sọ. Ẹ sinmi díẹ̀ ná. Títí ìgbà tí òdòdó á yọ."

Láti ìgbà náà, ọkọ́ yìnyín ni Eikichi ń mú lẹ́yìn iléeṣẹ́. Ó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà. Wọ́n gbé Ìyá Kurihara gòkè láìdúró. Ọkọ̀ ìgboro náà ń kùn bí oyin. Kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Ìrẹsì wà nílé. Eikichi ti gbé e padà sínú àká fúnra rẹ̀. Chizuru kó díẹ̀ lọ sí Sendai, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago láti béèrè bó ṣe rí lẹ́nu, ó ní àwọn kò tíì sè é. Eikichi fi ìrẹsì náà ṣe ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n sì dúpẹ́, wọ́n tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ó rí àpò kan níwájú ilé òrìṣà abúlé, tí ẹnì kan gbé síbẹ̀, tí ẹyẹ ń jẹ nínú rẹ̀. Ó mọ ojú rírán náà. Ó gbé e padà wálé.

Ní oṣù Kẹrin, Tokuji wá sí iléeṣẹ́ láti yọ táyà yìnyín kúrò. Ó yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tuntun ṣì ni wọ́n," ó ní. "Wọ́n máa lò tó ọdún mẹ́ta sí i. Ṣé kí n tọ́jú wọn dè yín?"

"Fún ta ni?"

Tokuji kó wọn sínú ọkọ̀ oko rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó tẹ̀lé Eikichi wálé, ó jókòó sétí tábìlì kékeré níwájú àwòrán Fusayo, ó sun tùràrí. Eikichi fọ ìrẹsì. Omi rẹ̀ funfun, ó dà á nù, ó tún fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, bí ó ṣe rí i tí Fusayo ń ṣe é. Nígbà tó jinná, ó bu àkọ́kọ́ síwájú àwòrán. Ó bu abọ́ kejì, ó gbé e síwájú Tokuji.

Tokuji wo abọ́ náà. Èéfín ń jáde lára rẹ̀. Ìrẹsì dáadáa ni, ó ń dán.

"Mo ti jẹun kí n tó wá, ẹ̀gbọ́n," ó ní.

"Ó dáa."

"Ìyàwó mi ló ní kí n jẹun kí n tó jáde."

"Mo ní ó dáa, Tokuji."

Nígbà tó lọ tán, Eikichi jẹ tirẹ̀. Ó jẹ èyí tó bù fún Tokuji. Lẹ́yìn náà ó dúró kí ti Fusayo tutù, bó ṣe yẹ. Ó gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ó sì jẹ òun náà tán, láìsí ọbẹ̀, pẹ̀lú ojú tó kọ sí fèrèsé.